Bí Míìsì Gásáìdì Ṣe Kọ Ìtàn Bàbá Wa

Ọ̀fà,
ìgbà ọyẹ́.

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Káyọ̀dé àbúrò rẹ ti dé láti Ìbàdàn ní àlàáfíà, ó sì jíṣẹ́ tó o rán an. Nígbà tó sọ pé ilé iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé ti gbà ọ́, pé ìtàn ìgbésí ayé àwọn èèyàn ni wọ́n ní kó o máa kọ, orí ìdúró ni mo wà tí mo bú sẹ́kún. Bàbá rẹ bi mí pé kí ló dé, mo ní ayọ̀ ni. Wọ́n ní irú ayọ̀ wo nìyẹn, ni àwọn náà bá yọ gíláàsì ojú wọn tí wọ́n ń nù ún, bẹ́ẹ̀ gíláàsì náà ò dọ̀tí. A ti ṣe ìdúpẹ́ nítorí rẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ìyá ìjọ jó dé iwájú pẹ̀lú mi, gbogbo wọn sì ní kí n kí ọ.

Ṣùgbọ́n Káyọ̀dé tún sọ nǹkan mìíràn, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kó tó sọ ọ́. Ó ní olóyè tí wọ́n ní kó o kọ́kọ́ kọ ìtàn rẹ̀ sọ fún ọ pé òun ò fẹ́ rí ìyàwó tí òun kọ́kọ́ fẹ́ nínú ìwé náà, àfi tó o bá máa kọ ọ́ pé obìnrin burúkú ni. Ó ní ọ̀gá rẹ sọ pé kó o ṣe bí olóyè ṣe wí. Ó ní o ò rí oorun sùn dáadáa mọ́, o sì fẹ́ mọ ohun tí mo rò.

Ọmọ mi, o ṣeun tó o bi mí. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó kàwé tó ọ ni kì í bi ìyá wọn ní nǹkan kan mọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gùn, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní í rán Káyọ̀dé ní iṣẹ́ ẹnu. Wá ibi tó tutù jókòó sí, kó o fara balẹ̀ kà á.

Ṣé o rántí Míìsì Gásáìdì? Òyìnbó obìnrin gíga yẹn, tó máa ń dé àkẹtẹ̀, tó ń gun kẹ̀kẹ́ kiri Ọ̀fà. O ṣì kéré nígbà náà. Wọ́n máa ń mú bísíkíìtì wá fún ọ, ìwọ á gbà á tán, wàá sì sá pamọ́ sẹ́yìn mi. Tíṣà ni wọ́n ní ilé ìwé àwọn obìnrin, ṣùgbọ́n akéwì ni wọ́n nílùú wọn, wọ́n sì tún máa ń kọ ìtàn ìgbésí ayé èèyàn.

Kì í ṣe akéwì tó lókìkí o. Ìwé ewì tín-ín-rín méjì ni wọ́n ti kọ kí wọ́n tó wá sí Nàìjíríà, àti ìwé kan nípa obìnrin kan tó ń tún aago ṣe ní abúlé tí wọ́n ti dàgbà. Mo bi wọ́n nígbà kan pé, “Míìsì, ṣé àwọn èèyàn ń ra ìwé yín?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, “Ẹ̀gbọ́n mi rà á. Dókítà tó ń tọ́jú eyín mi náà rà á, torí ó gbọ́ pé mo kọ ewì nípa òun, ẹ̀rù sì ń bà á.”

Bàtà ni bàbá wọn ń rán. Ìyá wọn kú nígbà tí wọ́n ṣì wà ní ọmọ ọwọ́, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ló tọ́ wọn. Wọ́n sọ fún mi pé kò sí ẹnì kankan nínú ilé àwọn tó jẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìyá náà, torí ó máa ń dun bàbá àwọn, títí bàbá fi kú, tí kò sì sí ẹni tí àwọn lè bi mọ́. Àwọn ò mọ bí ìyá àwọn ṣe ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní láti ìgbà yẹn ni àwọn ti ń bi àwọn èèyàn nípa ìgbésí ayé wọn. Bí mo bá ti ń rántí ọ̀rọ̀ yìí, ó máa ń ṣe mí bákan.

Èmi ni mo ń kọ́ wọn ní Yorùbá ní ìrọ̀lẹ́, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bá bàbá mi pàdé, Bàbá Gáàdì, tí ìwọ ń pè ní Bàbá Àgbà. O mọ̀ pé rélùwéè ni wọ́n fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn ṣiṣẹ́ fún. Àwọn ni gáàdì tó máa ń dúró sẹ́yìn ọkọ̀ pátápátá, tí yóò ju àsíá aláwọ̀ ewé kí ọkọ̀ tó gbéra. Nígbà tí mò ń sọ yìí, wọ́n ti fẹ̀yìn tì, ojú wọn sì ti ń ṣe bàìbàì. Ọ̀rọ̀ Jẹ́bà, ọ̀rọ̀ Mínà, ọ̀rọ̀ afárá tí omi fẹ́ gbé lọ, gbogbo rẹ̀ ni àwa ará ilé ti gbọ́ tó ti sú wa. Míìsì Gásáìdì nìkan ló ń gbọ́ ọ bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a.

Lọ́jọ́ kan, Bàbá ní, “Míìsì, wọ́n ní ẹ máa ń kọ ìtàn èèyàn.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Ṣé àwọn ọba nìkan ni, àbí ẹ máa ń kọ gáàdì náà?”

Míìsì ní, “Gáàdì gan-an ni mo ti ń wá.”

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bàbá á máa sọ, èmi á máa túmọ̀ èyí tí Míìsì ò bá gbọ́, Míìsì á máa kọ. Bàbá tún dọmọdé. Wọ́n ń fá irùngbọ̀n wọn kí Míìsì tó dé. Mo rò pé ìdùnnú náà á gbé wa dé òpin ìwé, àfi ìgbà tí a dé orí ọ̀rọ̀ ikú ìyá wọn.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé fún ọ, torí a kì í sọ ọ́ lójú ẹ̀yin ọmọ. Bàbá ní àbúrò kan ṣoṣo, Alhaji tó ń dáko ní Ojoku. Bàbá di onígbàgbọ́ nílé ìwé, Alhaji dúró sínú ẹ̀sìn àwọn òbí wọn. Ìyẹn kọ́ ló dá ìjà sílẹ̀ o. Ìwọ náà mọ̀ pé nínú ẹbí wa, bí a ṣe ń jẹ Kérésìmesì la ṣe ń jẹ Iléyá. Ikú ìyá wọn ló fà á. Bàbá ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kan, wọ́n bá a pé ìyá ti kú, Alhaji sì ti sin ín. Bàbá bínú kúrò nílé lọ́jọ́ náà, àwọn méjèèjì ò sì bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Wọn ò tíì bí mi nígbà yẹn. Mo dàgbà, mo lọ́kọ, mo bí ọ, mi ò kí arákùnrin bàbá mi rí, bẹ́ẹ̀ Ojoku ò jìnnà.

Bàbá wá sọ fún Míìsì pé, “Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé àbúrò mi sin ìyá mi láì jẹ́ kí n rí ojú rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ kó hàn gbangba. Ìkà èèyàn ni.”

Míìsì gbé bírò sílẹ̀. “Kí ni àbúrò yín sọ pé ó fà á, Bàbá?”

“Mi ò bi í.”

“Ṣé mo lè bi í?”

Bàbá dìde dúró. “Ìtàn ta lẹ̀ ń kọ?”

“Ìtàn yín ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n àbúrò yín wà nínú rẹ̀. Mi ò lè pe ẹni tí mi ò rí rí ní ìkà.”

“Ẹ máa lọ sílé nígbà náà. Ìwé ti parí.”

Mo sin Míìsì dé ẹnu ọ̀nà. Ojú tì mí, inú mi ò sì dùn sí wọn. Mo ní, “Míìsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ohun tí Bàbá fẹ́. Àgbàlagbà ni wọ́n, ojú wọn sì ti ń lọ. Ta ló máa ka ìwé yìí ní Ojoku?”

Míìsì wò mí. Wọ́n ní, “Ìwọ ńkọ́? Ìyá bàbá rẹ ni. O ò fẹ́ mọ̀?”

Mo padà wọlé.

Níbí ni mo fẹ́ kó o ti fetí sílẹ̀ dáadáa, Àbẹ̀kẹ́, torí ohun tí Míìsì ṣe tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ kó o ṣe. Wọn ò gba ẹ̀yìn Bàbá lọ sí Ojoku. Wọ́n padà wá sílé wa, wọn ò mú ìwé tàbí bírò lọ́wọ́. Wọ́n kúnlẹ̀ kí Bàbá bí mo ṣe kọ́ wọn, eékún wọn méjèèjì sì dún. Wọ́n ní, “Bàbá, mi ò wá kọ nǹkan kan. Mo wá sọ fún yín pé mo fẹ́ lọ sí Ojoku ní Sátidé. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé ẹnu ẹlòmíràn lẹ ti máa gbọ́ ọ.”

Bàbá kọjú sí ògiri. Wọ́n ní, “Ọ̀nà ìjọba ni. Mi ò lè dí i.”

Èmi àti Míìsì wọ mọ́tò lọ́jọ́ Sátidé náà. Àárín àwọn ebè iṣu la ti bá Alhaji. Wọ́n kí Míìsì tìyanu-tìyanu, wọ́n wá yíjú sí mi. “Ọmọ ta nìyí?”

Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ oko. “Ọmọ Gáàdì ni mí, Bàbá.”

Ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. “Ṣé wọ́n ti kú ni?”

“Rárá o, Bàbá. Wọ́n wà láàyè.”

Alhaji jókòó sórí ebè, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. Wọ́n ń sọ pé, “Alhamdulillahi, alhamdulillahi.” Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọkùnrin yìí kì í ṣe ìkà.

Míìsì ò kánjú. Wọ́n jẹ́ kí Alhaji sinmi, wọ́n béèrè nípa iṣu, wọ́n béèrè nípa àwọn ọmọ, kí wọ́n tó wá béèrè nípa ìyá. Ohun tí Alhaji sọ nìyí, mo túmọ̀ rẹ̀ fún Míìsì lọ́jọ́ náà, mi ò sì gbàgbé ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀:

“Ìyá wa ṣàìsàn fún ìgbà pípẹ́. Ilé wa ní Ọ̀fà ò jìnnà sí ojú irin nígbà yẹn. Bó bá ti gbọ́ fèrè ọkọ̀, á ní kí n gbé òun lọ wo ọmọ òun. Mo máa ń pọ̀n ọ́n sẹ́yìn bí wọ́n ṣe ń pọn ọmọ, torí kò wúwo mọ́ rárá. Ọkọ̀ á kọjá, á na ọwọ́ sókè. Èmi ò mọ̀ bóyá ọkọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi wà nínú rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo máa ń sọ pé, ‘Ìyá, ẹ̀gbọ́n mi juwọ́ sí yín o.’ Á sun oorun ayọ̀ lọ́jọ́ náà.”

Mo ní, “Kí ló dé tí ẹ ò ránṣẹ́ sí wọn, Bàbá?”

“Òun ló ní n kò gbọdọ̀ ránṣẹ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹ̀gbọ́n mi di gáàdì, ẹ̀rù ń ba ìyá pé tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá, wọ́n á lé e. Ó mú mi búra. Nígbà tó sì kú, ẹ mọ bí àwa mùsùlùmí ṣe ń ṣe, a sin ín lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi dé, kò bi mí ní nǹkan kan. Níwájú gbogbo ará ilé, ó pè mí ní olè, ó ní mo jí ìyá òun sin. Ó dùn mí wọ egungun. Mo ní ó dáa, ọjọ́ tó bá bi mí, màá sọ fún un. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń retí kó bi mí.”

Míìsì ní, “Alhaji, kí lẹ fẹ́ kí n kọ nípa ẹ̀gbọ́n yín?”

“Ẹ má kọ pé èèyàn burúkú ni. Ìyá rẹ̀ ló kú.”

A padà sí Ọ̀fà, Míìsì sì jókòó ti iṣẹ́. Wọ́n kọ orí náà, ohun tí Bàbá sọ wà níbẹ̀, ohun tí Alhaji sọ náà wà níbẹ̀, wọn ò fi ọ̀rọ̀ tiwọn kún un. Èmi ni wọ́n ní kí n yí i sí Yorùbá, kí n kà á fún Bàbá. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Nígbà tí mo kà á tán, Bàbá ní, “Padà sí ibi tó ti pọ̀n ọ́n.”

Mo tún un kà.

Bàbá wá ní, “Nígbà náà, bí a bá ti fẹ́ wọ Ọ̀fà, mo máa ń rí àwọn èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin tí wọ́n ń juwọ́. Ọkọ̀ ń sáré, èèyàn ò lè mọ ojú ẹnikẹ́ni. Gbogbo wọn ni mo máa ń juwọ́ sí.” Wọ́n kọjú sí mi. “Á jẹ́ pé mo juwọ́ sí ìyá mi.”

Mi ò rí bàbá mi kí wọ́n sunkún rí. Míìsì dìde, wọ́n lọ dúró nínú àgbàlá. Nígbà tó ṣe, Bàbá nu ojú wọn, wọ́n ní, “Bá mi wá mọ́tò tó ń lọ sí Ojoku.”

Ọjọ́ náà la lọ. Alhaji ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí nígbà tí a dé, wọ́n rí Bàbá, wọ́n dúró lójú kan. Bàbá ò ríran dáadáa, wọ́n na ọwọ́ síwájú. “Ṣé ìwọ nìyẹn?”

“Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ káàbọ̀. Ṣé ẹ ti jẹun?”

Bàbá ní, “Ó ti pẹ́ tí mo ti jẹun ní ilé rẹ. Gbé e wá.”

Inú àwo kan náà ni wọ́n ti jẹ iyán náà. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, tí wọ́n fọwọ́, Bàbá ní, “Àbúrò mi, dárí jì mí. Báwo ni ìyá wa ṣe kú?” Alhaji sún mọ́ wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi àti Míìsì rọra jáde.

Ọlọ́run fún wọn ní ọdún mélòó kan papọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ìwọ fúnra rẹ jẹ nínú iṣu Alhaji, o sì gun èjìká wọn. Nígbà tí Bàbá kú, Alhaji jókòó níwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú wa, pẹ̀lú fìlà funfun wọn, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí a fi gbé òkú jáde. Ta ni mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn Ọlọ́run bí kò ṣe òyìnbó obìnrin tí kò gbà kí wọ́n pe ẹni tí òun kò rí ní ìkà?

Míìsì padà sílùú wọn nígbà tí ara wọn ò gbé oòrùn wa mọ́. Wọ́n tẹ ìwé Bàbá jáde níbẹ̀, ìwé kékeré, ìwọ̀nba èèyàn ló sì rà á. A ń kọ lẹ́tà síra wa. Wọ́n á sọ nípa òjò wọn, nípa ọmọ ìka tó ń ro wọ́n tí bírò fi ń nira láti dì mú, nípa ewì tí ìwé ìròyìn dá padà. Wọn kì í gbàgbé láti béèrè bí iṣu Alhaji ṣe ta. Ìgbà kan, wọ́n kọ̀wé pé ẹnì kan ti sọ nínú ìwé ìròyìn pé ewì àwọn dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti akéwì ńlá. Wọ́n ní àwọn kà á, àwọn gbà pé òótọ́ ni, àwọn sì lọ se tíì. Inú bí mi nítorí wọn. Àmọ́ nínú lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, ewì tuntun wà níbẹ̀, nípa ọkùnrin kan tó ń pọn ìyá rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ojú irin. Ìgbà tí mo túmọ̀ rẹ̀ fún Alhaji, wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn, bẹ́ẹ̀ wọn ò mọ̀wé kà.

Míìsì ti kú báyìí, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn ló kọ̀wé sí mi. Ó ní òun ń kó ìtàn ìgbésí ayé wọn àti àwọn lẹ́tà wọn jọ sínú ìwé kan, kí n jọ̀ọ́ kí n ṣe àdàkọ èyí tó wà lọ́wọ́ mi. Mo ṣe é tọkàntọkàn. Ìwé náà ti dé. Káyọ̀dé á mú un bọ̀ wá fún ọ. Kà á, wàá rí i bí èèyàn tí kò lókìkí ṣe lo ayé rẹ̀ dáadáa.

Ó yá, ọ̀rọ̀ tìrẹ. Kọ́kọ́ lọ bá ọ̀gá rẹ, kó o bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, má ṣe gbé ohùn sókè. Lẹ́yìn náà, lọ bá olóyè fúnra rẹ̀. Sọ fún un lójú pé o fẹ́ lọ kí ìyàwó àkọ́kọ́ náà. Má lọ ní bòńkẹ́lẹ́. Bó bá bínú, jẹ́ kó bínú tán. Bàbá mi náà bínú. Tó o bá dé ọ̀dọ̀ ìyá náà, má gbé bírò jáde lójú ẹsẹ̀. Kí i, jẹ ohun tó bá gbé síwájú rẹ, béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ rẹ̀. Bó bá sì sọ pé òun ò fẹ́ wà nínú ìwé olóyè, yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ nìyẹn, òun ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n má ṣe pè é ní obìnrin burúkú láti ẹnu ẹnì kan ṣoṣo.

Tí wọ́n bá torí ìyẹn dá ọ dúró lẹ́nu iṣẹ́, di ẹrù rẹ, kó o máa bọ̀ wá sílé. Yàrá rẹ wà níbẹ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ẹní rẹ̀. Bàbá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé àwọn náà fọwọ́ sí i. Iṣẹ́ mìíràn á wá.

Nǹkan kékeré yòókù: máa jẹun láàárọ̀, iṣẹ́ orí ni iṣẹ́ ìwé kíkọ. Má fi ara rẹ wé ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń dún. Tí ẹnì kan bá sì kọ̀wé sí ọ, dá a lóhùn nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì là.

Mo lọ kí Alhaji ní Ojoku lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ti darúgbó gan-an, inú àga ni wọ́n máa ń wà ní gbogbo ọjọ́, àmọ́ ọpọlọ wọn ṣì pé. Mo sọ irú iṣẹ́ tó o rí fún wọn. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Wọ́n gbàdúrà fún ọ títí mo fi ń ṣe àmín tó sú mi, wọ́n wá ní, “Sọ fún un kó wá kọ tèmi náà. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìyàwó mi ni kó ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ó mọ àwọn ohun tí èmi ò ní í sọ.”

Ìyá àgbà, ìyàwó wọn, gbọ́ ọ láti ìdí ààrò, wọ́n sì dáhùn pé, “Kó tètè wá o!”

Kí Ọlọ́run fún ọ ní etí tó ń gbọ́, kó sì fi ọwọ́ rẹ kọ ohun tí ojú ò ní í tì ọ́ láti kà sókè níwájú ẹnikẹ́ni.

Èmi ìyá rẹ, tó ń dúpẹ́ nítorí rẹ lójoojúmọ́,
Màmá Àbẹ̀kẹ́.